Bí A Ṣe Forúkọ Ẹgbẹ́ Àdúgbò Wa Sílẹ̀ Láìsí Orúkọ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlú òyìnbó ṣe jìnnà sí Ìwó tó, kó má wulẹ̀ wo máàpù. Kó bá àwọn ará àdúgbò rẹ̀ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí òun wà lọ́hùn-ún, kí àwọn wà nílé. Kó tó parí, ojú rẹ̀ á ti rí nǹkan.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa kí n tó kúrò nílé. Ẹgbẹ́ náà kò tóbi. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn onítẹ̀bọmi tó ń gbé lẹ́bàá ilé ìwé míṣọ̀n sì wà pẹ̀lú wa. Iṣẹ́ wa kò ju ká ran ara wa lọ́wọ́ lọ: a ń bá ara wa roko ní àáró, a ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, bí atẹ́gùn bá sì ṣí òrùlé ẹnìkan, gbogbo wa la máa bá a kàn án padà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó bi wá pé ìwé wa dà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, a máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àlájà Sàláwátù, ìyá ẹgbẹ́. Màá ṣí rẹ́jísítà, màá pe orúkọ, kóówá á dáhùn. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, aládùúgbò rẹ̀ á bá a dáhùn pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀gẹ́ ní Kuta, wọ́n á ní ó lọ sí Kuta, ó ń bọ̀. Ẹni tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ni ẹni tó ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló dá gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí sílẹ̀.

Ilẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ ìwé dé. Àlájà ní ilẹ̀ kan tí wọ́n fi èrè gààrí rà nígbà tí eegun wọn ṣì le. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Múìbátù, ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ tí ìrọbí mú Múìbátù, òjò ti rọ̀, odò ti kún bo ọ̀nà wa, ọ̀kadà la sì fi gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sọ́sibítù: ọlọ́kadà níwájú, òun láàárín, èmi lẹ́yìn, mo gbá a mú. Ó gbé orí lé èjìká mi. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbà tí a débẹ̀ ni nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ó ti kú, kí n jọ̀wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àlájà dìde ní ìpàdé, wọ́n ní, "Mo ti fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ mi. Ẹ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí i." Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn á fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àfi tí ilẹ̀ bá wà lórúkọ ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀. Bẹ́ẹ̀ Àlájà ti dàgbà, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ sì ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ ọ̀hún lójú wọn. Bí Àlájà bá kú kí ìwé tó jáde, pípín ni wọ́n á pín in.

Àárín ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ìlú òyìnbó jáde fún mi. Mo ní kí wọ́n yan akọ̀wé mìíràn. Bàbá Díákónì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jẹ́ igbákejì Àlájà, wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ká gba ìjókòó lọ́wọ́ ẹni tó rìnrìn àjò? Ṣé o kú ni?"

Bí mo ṣe ki fáìlì ẹgbẹ́ sáàárín èlùbọ́ àti gààrí nínú àpótí mi nìyẹn, tí mo gbé e dé ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ Ìwó.

*

Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, nítorí náà òtútù kò yà mí lẹ́nu. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn tó lè bí ìyá mi ní orúkọ ṣákálá. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo kúnlẹ̀ kí Màmá Jíìn tí wọ́n wà ní yàrá kẹsàn-án. Màmá rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A jọ wá a títí. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé pé ìkíni ni.

Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pátákó funfun tó wà lára ògiri ọ́fíìsì. Orúkọ gbogbo àwọn arúgbó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá wọn. Ní oṣù kejì mi, bàbá kan kú ní yàrá kẹrin. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n ti fi rágì nu orúkọ wọn kúrò, kó sì tó di ọ̀sán, orúkọ ẹlòmíràn ti wà níbẹ̀. Mo dúró síwájú pátákó náà bí ère. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo wà dáadáa. Mo ní mo wà dáadáa. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé wọn kì í dúró gbọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Ní ibùdókọ̀ ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, mo ń kí gbogbo èèyàn káàárọ̀. Wọ́n á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tó yá, mo jáwọ́. Èmi náà ń wo fóònù mi.

*

Inú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n ń fún wa láti jẹun ọ̀sán ni mo ti ń ṣe akọ̀wé Ìwó. Lọ́yà wa wà ní Òṣogbo, ohun tó sì ń béèrè kì í tán. Ó ní ká mú èèyàn márùn-ún tí orúkọ wọn máa wà níwájú òfin. Ó fẹ́ fọ́tò wọn. Fọ́tò Bàbá Díákónì nìkan padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́, wọ́n dé fìlà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n wá kọ ẹ̀gbẹ́ síni bí ẹni tó fẹ́ dupò. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, aṣọ pupa ni ayàwòrán ta sẹ́yìn wọn dípò funfun, torí wọ́n ní funfun kò fi ènìyàn hàn.

Lọ́yà béèrè ọjọ́ ìbí Àlájà. Àlájà ní ọjọ́ ọjà ni wọ́n bí àwọn. Lọ́yà ní ọdún wo? Àlájà ní kó lọ bi àwọn tó ná ọjà lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo wà láàárín wọn lórí fóònù, oúnjẹ mi ti tutù, aago ti fẹ́ lù. Níkẹyìn a lo ọjọ́ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, bíi ti gbogbo àgbà àdúgbò wa. Ẹni tó bá wo ìwé wa á rò pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo ìdílé.

Lẹ́yìn náà ló kan èmi. Kí orúkọ mi tó lè wà níbẹ̀, àfi kí n gbé ìwé mi lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣojú ìjọba wa ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní n kò gba àyè sílẹ̀. Mo gba àyè sílẹ̀, ibi iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lọ. Ó tojú sú mi.

"Màdáámú," lọ́yà wí, "ẹ jẹ́ ká yọ orúkọ yín, ká fi ti ẹni tó wà nílé sí i. Ọ̀sẹ̀ yìí la máa parí."

Mo ní kó yọ ọ́. A fi Rísíkátù tó ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò sípò akọ̀wé. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó rò pé bírò lòun ń bá mi dì mú. Mi ò sọ fún Àlájà, mi ò sọ fún Bàbá Díákónì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

*

Òfin ní kí wọ́n gbé orúkọ àwọn márààrún jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àtakò kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo ń ka ọjọ́ náà bí aláboyún. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n pé. Kò sí ìwé. Lọ́yà pè mí nínú bọ́ọ̀sì.

"Màdáámú, àtakò ti wà o."

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ Àlájà ló sọ sí mi lọ́kàn. "Àwọn ọmọ ọ̀dàlẹ̀ yẹn," mo wí. "Mo mọ̀ pé wọ́n á ṣe é."

"Rárá o. Ẹ̀yin náà ni."

Ó fi fọ́tò lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn kí n tó ka ohunkóhun, torí ọwọ́ yẹn ló kọ́ mi ní á, bí, dí. Ìtẹ̀ka Àlájà wà nísàlẹ̀, ńlá, ó dúdú minijọ. Gẹ̀ẹ́sì ni Bàbá Díákónì fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tíṣà àtijọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bó ṣe lọ rèé:

"Sí Ọ̀gá Àgbà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. A gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni ìdílé yín wà. A dúpẹ́ tí ẹ gbé orúkọ wa sínú ìwé ìròyìn, tọmọdé tàgbà Ìwó ló ti rí i. Ẹ ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́. A kò bá yín jà, a kò sì lè bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ fo ẹnìkan. Ọmọ wa tó jẹ́ akọ̀wé kò sí níbẹ̀. Kò kú. Ìrìn àjò ló lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá orúkọ rẹ̀ padà, kí ilẹ̀kùn má bàa tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọlọ́run á bá yín wo àwọn ọmọ yín."

Àwọn ará Àbújá kò mọ ìkíni. Wọ́n rí lẹ́tà tó dé láàárín ọjọ́ àtakò, tó ní orúkọ kan kù, wọ́n gbé fáìlì wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́yà ní kò sí ohun tó lè gbé e padà àfi kí àwọn tó kọ lẹ́tà náà kọ òmíràn, kí wọ́n ní àwọn ti fa ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn, kí wọ́n sì tẹ̀ka sí i.

Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, ó bí mi débi pé mo gba ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀ kọjá.

*

"Ẹ kú ọ̀sán o, Bàbá Díákónì."

"Akọ̀wé! Ṣé lẹ́tà wa ti dé ọ̀dọ̀ wọn?" Ohùn wọn ń dùn.

"Ó dé ọ̀dọ̀ wọn, sà. Ó ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Wọ́n ní àtakò ni."

"Àtakò bí i ti báwo? A kí wọn ńkọ́?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ̀wé?"

"Àwọn ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá. Kí ìjọba bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, kí n wá dákẹ́? Ṣé ohun tí mo kọ́ ọ nìyẹn?"

Mo bẹ wọ́n. Wọ́n ní bí Àlájà bá gbà láti tẹ̀ka, àwọn á kọ lẹ́tà mìíràn kíá, àwọn tiẹ̀ ti ní àtúnṣe sí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́.

Àlájà kò gbà.

"Kí n tẹ̀ka sí i pé ìwọ kò sí?" wọ́n ní. "Àtàǹpàkò tí mo fi wẹ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ọ? Lóṣooṣù là ń pe orúkọ rẹ, Díákónì á ní o wà lájò. Ta ló sọ fún ọ pé a ti yọ ọ́?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ mí, Àlájà."

"Irọ́ lò ń pa. Ẹnìkan kì í yọ ara rẹ̀."

Wọ́n gé fóònù. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ohùn mi kò dún. Mo pè lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn ń kírun, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Kí oṣù tó parí, Rísíkátù ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ti da yanrìn sórí ilẹ̀, àti pé Àlájà ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, pé orúnkún wọn wú. Mo kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọ́n ń fi ìfẹ́ mi pa iṣẹ́ tí wọ́n fi ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀, mi ò sì lè bá wọn bínú tán.

Mo máa ń rò ó pé nǹkan yìí dorí kodò. Níbi tí mo wà, orúkọ mi wà lórí gbogbo ìwé, ti ilé, ti iná, ti owó orí, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Màmá Jíìn pàápàá, "olùfẹ́" ni wọ́n ń pè mí, torí orúkọ mi há sí wọn lọ́fun. Nílé, orúkọ mi kò sí lórí ìwé kankan mọ́, wọ́n sì ń torí rẹ̀ bá ìjọba wí.

*

Lọ́sọ̀ọ̀sán, Màmá Jíìn máa ń wọ kóòtù wọn, wọ́n á gbé báàgì, wọ́n á bi ẹni tó bá wà nítòsí pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá mú àwọn lọ sílé. Kò sí ilé náà mọ́, wọ́n ti tà á. Wọ́n kọ́ wa pé ká máa sọ pé ọ̀la. Mo ti sọ ọ̀la yẹn títí tó fi di ewúro lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kan tí ara mi kò gba irọ́, mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀."

Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n gbé e fún mi kí n fi kọ́. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní. Wọ́n jẹun lọ́jọ́ náà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo pe Àlájà. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè: "Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?" Láti ìgbà tí mo ti kúrò, ìdáhùn mi kò yí padà: Iléyá tó ń bọ̀. Wọ́n sì máa ń yan ẹran sílẹ̀ dè mí, wọ́n á tọ́jú u títí yóò fi bàjẹ́.

"Àlájà, mi ò mọ̀."

Mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan tó kọjá lójú ọ̀nà wọn. Mo gbọ́ adìyẹ.

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé," wọ́n ní, jẹ́jẹ́.

"Kò dùn, mà. Àmọ́ mi ò mọ ìgbà tí mo ń bọ̀, mo sì ti ń parọ́ fún yín láti ọjọ́ yìí. Bẹ́ ẹ bá ń dúró dè mí, ilẹ̀ yẹn á bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó máa rọbí lóṣù tó ń bọ̀, Ìwó ló wà. Rísíkátù ló máa gbọ́ igbe rẹ̀, èmi ò ní gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gbọ́ di ìwé mú. Nítorí Múìbátù, mà."

Mo wo fóònù bóyá ó ti gé.

"Láti ọjọ́ tí o ti jọ̀wọ́ rẹ̀," Àlájà wí, "o ò pe orúkọ yẹn létí mi rí." Wọ́n hú ikọ́. "Sọ fún Díákónì kó mú íǹkì wá."

*

Ìwé ẹ̀rí náà dé ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ kan. Lọ́yà fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, òǹtẹ̀ pupa wà lára rẹ̀, orúkọ márùn-ún wà ní títò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì ni mo mọ̀ pé orúkọ mi ni mò ń wá. Èmi tí mo ní kí wọ́n yọ ọ́, tí mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n yọ ọ́, ó dùn mí wọra pé wọ́n yọ ọ́. Mo fi fóònù sápò, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n fi ìwé náà han àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ Àlájà. Wọ́n kó yanrìn wọn. Ẹgbẹ́ fi Sátidé méjì gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Nígbà tí Sátidé ìpàdé dé, Bàbá Díákónì pè mí, wọ́n gbé fóònù lé Àlájà lẹ́sẹ̀ kí n lè gbọ́. Inú ọ́fíìsì ni mo wà, mo kọ ẹ̀yìn sí pátákó funfun. Rísíkátù ti ra rẹ́jísítà tuntun. Mo gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dáhùn. Ẹnìkan lọ sí Olúpọ̀nnà, ó ń bọ̀. Ara ẹnìkan kò yá. Ó pè wọ́n tán, mo gbọ́ tó pa ìwé dé. Ṣebí ohun tí mo fẹ́ nìyẹn?

"Rísíkátù," Àlájà wí, "o fo ẹnìkan."

"Àlájà, lọ́yà ní nínú òfin—"

"Òfin wà ní Àbújá, a sì ti fún wọn ní tiwọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi nìyí. Pè é."

Rísíkátù pe orúkọ mi, tòun ti orúkọ bàbá mi. Mo ń retí kí Bàbá Díákónì bá mi dáhùn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo gbọ́ tí wọ́n la ohùn.

"Díákónì, ẹ dákẹ́," Àlájà wí. "Òun fúnra rẹ̀ ni kó sọ ibi tó wà."

Mo gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"Mo wà lájò," mo ní.

"Ṣé o gbọ́?" Àlájà wí fún Rísíkátù. "Kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Bírò ni kó o fi kọ ọ́."